Gẹ̀gẹ̀ ìyá mi ń tóbi sí i, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kò sí nǹkan: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi ti pé ọdún 58, ẹja ni wọ́n ń tà. Gẹ̀gẹ̀ ti wà lọ́rùn wọn láti ìgbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wa, ó ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta ló ti ń tóbi sí i. Wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn dáadáa mọ́. A ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, TSH jẹ́ 1.2, wọ́n ní ó dára. Dókítà tún wá ní kí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Báwo ni nǹkan ṣe máa dára tí wọ́n á tún fẹ́ gé e? Àbúrò ìyá mi ní kí wọ́n máa mu áyódíìnì olómi tí wọ́n ń tà, pé àìsí áyódíìnì ló ń fa gẹ̀gẹ̀. Ẹja la sì ń jẹ lójoojúmọ́ nílé wa! Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní aráyé ló ṣe wọ́n. Èmi fúnra mi lóyún oṣù mẹ́rin, ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ mi má lọ jogún rẹ̀."

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ní ti oyún tẹ́ ẹ gbé sínú, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun tó dà yín lọ́kàn rú jù ni pé láàbù ń sọ ọ̀kan, dókítà ń sọ òmíràn, ó wá dà bíi pé ọ̀kan nínú wọn kò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dáhùn. Láàbù ń sọ bí gẹ̀gẹ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, dókítà ń sọ ibi tó jókòó sí àti ohun tó ń fún mọ́lẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ lè tóbi bí àgbọn kó máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ó sì lè kéré débi pé ojú kò ní rí i, kó máa da gbogbo ara láàmú. Kí n tó ṣàlàyé, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá kà á tán: ẹ má jẹ́ kí màmá mu áyódíìnì olómi yẹn. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dá a dúró, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n mu ún. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ̀yà ara tó ń wú di gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń pè ní táírọ́ọ̀dì. Gbogbo wa la ní in, lọ́kùnrin lóbìnrin. Iwájú ọrùn ló wà, lábẹ́ gògòńgò, ó ní apá méjì tó gbá ọ̀nà èémí mọ́ra lọ́tùn-ún lósì bíi labalábá tó na ìyẹ́. Ti àgbàlagbà tí kò wú kì í sábà ju gíráàmù 15 sí 25 lọ. Inú rẹ̀ kún fún àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, sẹ́ẹ̀lì ló sì tò yí etí àpò kọ̀ọ̀kan ká. Iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni kí wọ́n máa fa áyódíìnì, èròjà kan tí oúnjẹ ń gbé wọ ara, látinú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi po họ́mọ̀nù méjì: T4, tó gba hóró áyódíìnì mẹ́rin, àti T3, tó gba mẹ́ta. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Họ́mọ̀nù ni ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kó lọ jíṣẹ́ níbi tó jìnnà. Iṣẹ́ tí àwọn ti táírọ́ọ̀dì ń jẹ́ ni bí iná ara ṣe gbọ́dọ̀ jó tó: bí ọkàn ṣe ń yára lù, bí oúnjẹ ṣe ń dà, bí ara ṣe ń móoru, bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà nínú oyún. Táírọ́ọ̀dì tún máa ń tọ́jú họ́mọ̀nù pamọ́ sínú àwọn àpò yẹn, èyí tó lè tó ara lò fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ìdí nìyí tí àìtó áyódíìnì kì í fi í hàn lọ́sẹ̀ kan.

Táírọ́ọ̀dì kì í dá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yà ara kan tó tó hóró ẹ̀wà wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, pítúítárì lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tú TSH. Ẹ wo ìyá oníṣòwò tó ní ọmọ tó ń bá a yan ẹja. Bí ẹja yíyan bá ń tán lórí àtẹ, yóò pariwo mọ́ ọmọ náà pé kó yára. Bí ẹja bá kún àtẹ, yóò dákẹ́. TSH ni ariwo yẹn. Bó bá ga, họ́mọ̀nù kò tó ni. Bó bá lọ sílẹ̀ gan-an, họ́mọ̀nù ti pọ̀ jù ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kà á sódì: wọ́n á rí TSH tó lọ sílẹ̀, wọ́n á ní táírọ́ọ̀dì ti rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ńṣe ló ń sáré àsápajúdé. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún àgbàlagbà wà láàárín nǹkan bíi 0.4 sí 4.0, àmọ́ èyí tí láàbù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. 1.2 ti màmá bọ́ sí àárín rẹ̀ dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, họ́mọ̀nù tó wọn lára, kò sì pọ̀ jù. Ohun kan péré tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni bóyá wọ́n ń lo oògùn irun tàbí ti èékánná tó ní biotin, torí ó máa ń da irú àyẹ̀wò yìí rú. Bí wọ́n bá ń lò ó, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò.

Bí ariwo kò bá pọ̀, kí ló wá mú ọrùn wú? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ wo apẹja tí ẹja ti wọ́n lómi, tó ń fi àwọ̀n kún àwọ̀n kó tó lè rí iye tó máa ń rí tẹ́lẹ̀. Bó bá gbé e dé ọjà Olúwo, iye ẹja kan náà ni àwọn oníbàárà rí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan yí padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti kún fún àwọ̀n. Bí táírọ́ọ̀dì ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí áyódíìnì kò bá tó o. Sẹ́ẹ̀lì ń bí sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n lè fa ìwọ̀nba tó wà, họ́mọ̀nù tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ kò sì dín kù. Ẹ̀jẹ̀ dára, ọrùn wú. Oyún máa ń mú un le sí i, torí iye họ́mọ̀nù tí aboyún nílò máa ń fi nǹkan bí ìdajì lé sí i, kíndìnrín rẹ̀ ń da áyódíìnì púpọ̀ sí i nù sínú ìtọ̀, ọmọ inú náà sì ń gba tirẹ̀. Obìnrin tó bí ọmọ mélòó kan lórí oúnjẹ tí áyódíìnì rẹ̀ kò tó, ọrùn rẹ̀ lè wú lẹ́yìn oyún kọ̀ọ̀kan, kó má sì padà sípò tán. Ìyẹn bá ìtàn màmá mu. Nígbà tó bá yá, wíwú náà kì í dọ́gba mọ́. Yóò di kókó lóríṣiríṣi, ńlá àti kékeré. Kódà bí ẹja bá padà sódò, àwọn àwọ̀n yẹn kò ní jáde kúrò nínú ọkọ̀ fúnra wọn. Lọ́jọ́ iwájú, àwọn kókó kan lè di aláìgbọràn pátápátá: wọn ò ní tẹ́tí sí TSH mọ́, wọ́n á máa po họ́mọ̀nù bó ṣe wù wọ́n. Torí náà, èsì 1.2 kì í ṣe ìwé ẹ̀rí títí ayé. Kí wọ́n máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí gẹ̀gẹ̀ náà bá ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ béèrè nípa ẹja, ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí, ẹja òkun ló sì ń kó o jọ: títù, kòtè, pánlá, ṣawá. Ọ̀sà kì í ṣe òkun. Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kì àti ọ̀sà Èkó, odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀ní ló sì ń da omi wọn sínú ọ̀sà Lẹ́kì, débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀. Ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà tó ń gbé irú omi bẹ́ẹ̀ dára fún ara, ẹran gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n áyódíìnì inú wọn kéré púpọ̀ sí ti ẹja òkun. Àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú kòtò ní tirẹ̀, ohun tí wọ́n bá fi bọ́ ọ ló máa ní lára. Nítorí náà, ènìyàn lè jẹ ẹja láràárọ̀ lẹ́bàá omi kí áyódíìnì má tó o. Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó ṣe màmá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ gẹ̀gẹ̀ ló ń yọ lára àwọn tí áyódíìnì tó, nítorí àjogúnbá, ọjọ́ orí, àti pé obìnrin ló máa ń ṣe jù. Lẹ́yìn ogún ọdún, mímọ èyí tó kọ́kọ́ fà á kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìtọ́jú rẹ̀ padà.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé gààrí ló ń fà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Pákí ní oró kan nínú tí ara ń sọ di thiocyanate, ìyẹn sì ń bá áyódíìnì du ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọ inú sẹ́ẹ̀lì táírọ́ọ̀dì. Ibi tí áyódíìnì bá ti kéré ni ìdíje yẹn ti ń ṣe ìpalára. Ibi tó bá ti tó, kò rí nǹkan ṣe. Gààrí tí wọ́n jẹ́ kó kan dáadáa fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì yan gbẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣe ti Ìjẹ̀bú, oró rẹ̀ ti lọ púpọ̀. Èyí tí wọ́n rọ́ lánàá tí wọ́n yan lónìí ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Mi ò ní ní kí ará Ẹ̀pẹ́ má jẹ gààrí.

Iyọ̀ ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti rí áyódíìnì tó. Ní Switzerland, orílẹ̀-èdè olókè tí kò ní etíkun, gẹ̀gẹ̀ pọ̀ débi pé láti 1922 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódíìnì sínú iyọ̀. Ní Nàìjíríà, 1993 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀, òfin wa sì ní kí iyọ̀ tó dé ọwọ́ oníbàárà ní áyódíìnì mílígíráàmù 30 ó kéré tán nínú kílò kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: gíráàmù 5, tó tó ṣíbí ìro-tíì kan tí wọ́n tẹ́jú rẹ̀, yóò ní máíkírógíráàmù 150, ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ gan-an nìyẹn. Kò yẹ kí àgbàlagbà jẹ iyọ̀ ju ìwọ̀n ṣíbí kan yẹn lọ lójúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí áyódíìnì fi iyọ̀ kún iyọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú rẹ̀. Iyọ̀ tó wà nínú abọ́ ṣíṣí lójú oòrùn ọjà, tí òjò ń fẹ́ sí, áyódíìnì rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n kọ áyódíìnì sí lára ni kẹ́ ẹ rà. Kẹ́ ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí, kó má sún mọ́ iná, kẹ́ ẹ sì máa fi í sọ́bẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kó jinná, torí híhó pípẹ́ ń gbé lára rẹ̀ lọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, mi ò ní bá ìdílé yín jà lórí aráyé. Àdúrà kò dí ìtọ́jú lọ́wọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé gẹ̀gẹ̀ ní ìdí tó ṣeé fojú rí nínú ara. Kì í ràn, ẹ lè bá màmá mu omi nínú ife kan náà. Ẹrù tí wọ́n ń rù lórí kò fà á, ariwo ọjà kò fà á. Bó bá ń ṣe ènìyàn púpọ̀ nínú ẹbí kan, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì wà lára wọn. Ohun tó ń já mi láyà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tó máa ń gbé ènìyàn lọ: kí wọ́n lọ sín gbẹ́rẹ́ sí gẹ̀gẹ̀ lójú, tàbí kí wọ́n fi nǹkan gbígbóná jó o. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú táírọ́ọ̀dì kọjá pọ̀ gan-an, pàápàá èyí tó ti wú. Abẹ tó wọ̀ ọ́ díẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ da, kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọlé, àpá rẹ̀ sì lè so ẹran ọrùn pọ̀ débi pé iṣẹ́ abẹ tó yẹ kó rọrùn yóò di ogun.

Mo padà sí áyódíìnì olómi. Ẹ̀kán kan ṣoṣo irú èyí tó le tí wọ́n ń pè ní Lugol, èyí tí áyódíìnì rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ní tó nǹkan bíi mílígíráàmù 6 áyódíìnì nínú. Ẹ fi wé máíkírógíráàmù 150 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ìlọ́po 40 ohun tí ara nílò lóòjọ́ nìyẹn, nínú ẹ̀kán kan. Àwọn kókó aláìgbọràn tí mo mẹ́nu bà, àìsí igi ìdáná nìkan ló dá wọn dúró. Bí áyódíìnì bá ya dé lójijì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í po họ́mọ̀nù láìsí ẹni tó lè dá wọn lẹ́kun. Kì í ṣe lọ́jọ́ náà ni yóò hàn, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù mélòó kan, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn kì í fi í so ó mọ́ ohun tí wọ́n mu. Màmá yóò máa rù láìjẹ́ pé wọn ò jẹun, ọwọ́ wọn yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò máa bò wọ́n, oorun yóò dá lójú wọn, àyà wọn yóò máa lù kìkì. Ní ọjọ́ orí wọn, ìlù ọkàn lè dàrú pátápátá, kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọkàn, kó ta lọ sí ọpọlọ, kó fa rọpárọsẹ̀. Bákan náà ni oògùn ewédò òkun tí wọ́n ń tà nínú ike. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ kì í ṣe irú èyí, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ tún rántí pé oògùn àwòrán tí wọ́n máa ń fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó ya CT, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, ní áyódíìnì púpọ̀ nínú. Bí wọ́n bá ní kí màmá ya CT, kẹ́ ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé gẹ̀gẹ̀ wọn ní kókó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n lè rí ohun tí wọ́n ń wá láìlo abẹ́rẹ́ náà.

Nínú gbogbo ìwé yín, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lójú mi ni èyí tẹ́ ẹ sọ láìdúró lórí rẹ̀, pé wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Gẹ̀gẹ̀ tó ti pẹ́ kì í dàgbà síwájú nìkan. Ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn egungun àyà, níbi tí ojú kò lè rí i, á wá máa tẹ ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ. Bí ènìyàn bá jókòó, àyè ṣì wà. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹran náà yóò wó lé ọ̀nà èémí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan kò lè sọ èyí fún yín. Ẹ lè dán nǹkan kan wò nílé: kí màmá jókòó sórí àga, kí wọ́n na apá méjèèjì sókè kó kan etí, kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ojú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú tàbí tó ń ṣú, tí iṣan ọrùn yọ, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí èémí wọn ń há, kí wọ́n sọ apá kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì má fi ìrìn àjò ilé ìwòsàn dọ̀la. Bí kò bá ṣe wọ́n, ìyẹn kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ẹ wo àwọn nǹkan yìí pẹ̀lú: ohùn tó há tó sì lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kókó kan tó le bí òkúta tí kì í bá ọ̀fun gòkè nígbà tí wọ́n bá gbé omi mì, kókó tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, tàbí wíwú tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn yìí ló ń mú kí dókítà ronú nípa jẹjẹrẹ. Gẹ̀gẹ̀ olókòókó tó jẹ́ jẹjẹrẹ kéré sí èyí tí kì í ṣe é, TSH tó dára kò sì lè sọ èyí tó jẹ́. Skáànù ọrùn ló ń fi bí kókó kọ̀ọ̀kan ṣe rí hàn, abẹ́rẹ́ tín-ínrín tí wọ́n á fi fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ látinú èyí tó bá mú ìfura wá ló ń sọ ìyókù.

Kí ló wà nílẹ̀ láti ṣe? Bí gẹ̀gẹ̀ kò bá tẹ nǹkan kan, tí kò sì sí ìfura jẹjẹrẹ, wíwò ó láìfọwọ́ kàn án jẹ́ ìtọ́jú tó dára, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gbé e dé ọjọ́ ogbó. Ti màmá ti kọjá ibẹ̀, bí ohun tẹ́ ẹ kọ bá rí bẹ́ẹ̀. Oògùn levothyroxine, ìyẹn T4 tí wọ́n ṣe di oògùn, tí àwọn kan máa ń fún aláìsàn pé kó fi sún gẹ̀gẹ̀ kì, kì í fi bẹ́ẹ̀ dín gẹ̀gẹ̀ olókòókó tó ti pẹ́ kù, nígbà tí TSH bá sì jẹ́ 1.2, yóò kàn ti họ́mọ̀nù kọjá ààlà ni, ọkàn àti egungun ló máa jìyà rẹ̀. Áyódíìnì onítànṣán tún wà, tí wọ́n ń lò ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka rẹ̀, bíi UCH ní Ìbàdàn. Ó lè dín gẹ̀gẹ̀ kù, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ló máa gbà, kì í mú un lọ tán, gẹ̀gẹ̀ sì lè kọ́kọ́ wú díẹ̀ sí i. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń há kò yẹ kó fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́. Mo máa ń yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ. Bó bá di èyí tí wọ́n yàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn fún iye ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá sọ, nítorí ìtànṣán náà. Ìyẹn ni mo ṣe rò pé dókítà yín tọ̀nà láti dárúkọ iṣẹ́ abẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fọwọ́ kan ọrùn màmá, n kò sì rí skáànù wọn. Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, kí wọ́n sì kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí èyí tó wà ní Ṣágámù, níbi tí oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe ọrùn déédéé wà. Ẹ bi í pé mélòó ló máa ń ṣe lọ́dún. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Kẹ́ ẹ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Okùn iṣan tín-ínrín kan ń gba ẹ̀yìn apá kọ̀ọ̀kan táírọ́ọ̀dì lọ sí ibi tí ohùn ti ń jáde. Bí wọ́n bá fà á, ohùn lè há fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí wọ́n bá gé e, ó lè há títí. Kí wọ́n wo inú ọ̀fun màmá ṣáájú kí wọ́n lè mọ bí okùn ohùn wọn ṣe wà. Ẹ̀yìn táírọ́ọ̀dì kan náà ni àwọn ẹ̀yà ara mẹ́rin tó tó hóró ìrẹsì jókòó sí, parathyroid ni wọ́n ń pè wọ́n, họ́mọ̀nù tiwọn ló ń di kálísíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ mú. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kálísíọ̀mù yóò já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkẹta: ètè àti orí ìka yóò máa jó wọn bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ọwọ́ lè ká kò. Kí wọ́n ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kálísíọ̀mù ló máa yanjú rẹ̀, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí ọrùn bá ń wú kíákíá tí èémí ń há, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú, kò sí ìdúró kankan níbẹ̀.

Bí wọ́n bá yọ gbogbo táírọ́ọ̀dì, màmá yóò máa lo levothyroxine lójoojúmọ́ títí ayé. Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ará Switzerland tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1909 lórí táírọ́ọ̀dì, ló rí i pé àwọn tí òun yọ tiwọn tán máa ń di ẹni tí ara rẹ̀ ń wú, tí otútù ń mú, tí ọpọlọ rẹ̀ ń fà. Nígbà yẹn, kò tíì sí oògùn tí wọ́n lè fi dípò rẹ̀. Lónìí ó wà, kò sì wọ́n lápò bíi ti ọ̀pọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láàárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan ẹ̀kọ tàbí tíì, kí wọ́n fi omi lásán gbé e mì, kí wọ́n dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ̀mù, àti oògùn inú rírun gbọ́dọ̀ jìnnà sí i ní wákàtí mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní jẹ́ kó wọ ara. T4 máa ń gbé nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ́, ọjọ́ méje ló ń gbà kó tó dín kù sí ìdajì, torí náà ẹ má fi ọjọ́ mẹ́ta sọ pé kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí wọ́n tó yẹ TSH wò láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n rẹ̀ tọ́.

Ó wá ku ẹ̀yin fúnra yín. Gẹ̀gẹ̀ kì í jáde láti ọrùn ìyá bọ́ sọ́rùn ọmọ-ọmọ nínú oyún. Ohun tí ẹ lè jogún ni kí táírọ́ọ̀dì yín máa tètè wú, oyún sì ni ìgbà tó máa ń kọ́kọ́ hàn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni táírọ́ọ̀dì ọmọ inú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa áyódíìnì, ṣùgbọ́n kò tíì lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Họ́mọ̀nù yín ló ń bá a dí i, ọpọlọ rẹ̀ sì ń dàgbà lórí rẹ̀. Máíkírógíráàmù 250 áyódíìnì ni ẹ nílò lóòjọ́ nísinsìnyí, àti títí ẹ ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Iyọ̀ tó ní áyódíìnì nínú ọbẹ̀, ẹja òkun bíi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹyin àti wàrà, yóò sún yín mọ́ ọn. Ẹ wo lára páálí oògùn aboyún tí wọ́n fún yín bóyá áyódíìnì wà nínú rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in, kẹ́ ẹ sì bi nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó fi òmíràn kún un. Níbi ìpàdé aboyún tó ń bọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ìyá yín ní gẹ̀gẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín fún TSH. Ẹ sọ fún wọn pé ìwọ̀n ti aboyún ni kí wọ́n fi kà á, nítorí ó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ẹni tí kò lóyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Lálẹ́ òní, ẹ fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta gbé orí àti èjìká màmá sókè, kí wọ́n má fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja títí tí wọn yóò fi rí dókítà.